Aṣọ́lé Tí Ẹ̀pẹ́ Méjèèjì Ń Bú

Ọláníyọnu kì í wo bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù ló máa ń wò. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, á kẹ́yìn sí pápá, á kọjú sí èrò, á máa wo ẹni tó wá, ẹni tí kò wá, ẹni tó tètè ń lọ, àti ohun tó mú kí ẹni tó ti dìde tún padà jókòó. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa fura sí i, wọ́n a di àpò wọn mú dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Iléeṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan ní Ìkòròdú ló gbà á pé kó máa fi eré ìdárayá polówó ọṣẹ ìfọṣọ wọn, èyí tí wọ́n sọ ní Àlà. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, débi pé nígbà tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́, kò lè sọ pé àìmọ̀ ló fà á.

Fìdítì ló ti wá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Ìkòròdú, ẹrù ló ń gbé nínú ọgbà àwọn iléeṣẹ́ ńlá, tó ń kó páálí ọṣẹ láti inú sítọ́ọ̀ sínú ọkọ̀. Ó háyà yàrá kan àti pálọ̀ ní Lasunwon, ibẹ̀ náà ló sì wà di òní pẹ̀lú Agnes ìyàwó rẹ̀ àti Ìbùkún ọmọ wọn. Àkíyèsí rẹ̀ ló mú un kúrò nídìí ẹrù. Ó máa ń kíyè sí páálí tí ọkọ̀ kó jáde tó sì tún kó padà, á sì bi dírẹ́bà pé àdúgbò wo ni wọn ò ti rà á, kí ni wọ́n sì sọ. Àwọn ọ̀gá gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n ní kó gbé ẹrù sílẹ̀, kó wá máa polówó ọjà.

Ní àsìkò yẹn, iléeṣẹ́ náà gbà pé inú bọ́ọ̀lù ló yẹ kí ayé ti mọ ọṣẹ àwọn. Wọ́n kun orúkọ Àlà sára ògiri àwọn ilé ìwòran tí àwọn ọkùnrin Ìkòròdú ti ń wo bọ́ọ̀lù òyìnbó. Èrò kún ibẹ̀, ariwo sọ, ọṣẹ ò tà. Ọláníyọnu ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó gbé e délé.

“Bàbá Ìbùkún,” ni Agnes wí, “nínú gbogbo ọkùnrin tó kún ibẹ̀ yẹn, mélòó ló mọ ibi tí ọṣẹ wà nínú ilé rẹ̀?”

“Èmi mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n torí pé ẹ̀ ń tà á. Ìgbà wo lẹ fọ nǹkan gbẹ̀yìn?”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó kàwé nípa iṣẹ́ yìí, ló máa ń da nǹkan méjì pọ̀: ẹni tó ń wo eré àti ẹni tó ń ra ọjà. Kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹnì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí èèyàn rí èrò rẹpẹtẹ, kó sì ní òun ti rí oníbàárà. Ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, kó sì mọ ohun tó gbé wọn kúrò nílé.

Àìtà ọṣẹ náà ló gbé e dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní kó lọ wo ìdí tí àwọn obìnrin ibẹ̀, tí òórùn ẹja kì í kúrò lára aṣọ wọn, kò fi ra ọṣẹ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀nà Ìtòíkín lọ́jọ́ Sátidé kan. Ìrun Àsàrì ti kọjá nígbà tó dé ọjà ẹja, ó sì bá ọ̀pọ̀ ìsọ̀ lófìfo. Ẹja wà lábẹ́ àpò, ẹni tó ni ín ò sí nídìí rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ń ṣọ́ ọjà ló dá a lóhùn.

“Wọ́n ti lọ bú Qamaru.”

“Kí ló ṣe?”

“Kò tíì ṣe nǹkan. Tó bá yá, á ṣe é.”

Ọláníyọnu tọ ipasẹ̀ ariwo títí ó fi dé pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá ọ̀sà. Ohun tó rí níbẹ̀ kò jọ ohun tó ti rí rí. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn òǹwòran, wọ́n sì pín sí ọ̀nà méjì.

Àlejò ló ń rò pé Ẹ̀pẹ́ kan ṣoṣo ló wà. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, Èkó-Ẹ̀pẹ́ sì wà. Àwọn ti Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni àtọmọdọ́mọ àwọn tó bá ọba wọn jáde kúrò ní erékùṣù Èkó lọ́dún 1851, tí wọ́n wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ méjèèjì ń fẹ́ ara wọn, wọ́n jọ ń kírun, wọ́n jọ ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja kan náà, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ àpárá, oníkálùkù a padà sí ìdí tirẹ̀. Ní pápá yìí, àwọn obìnrin Èkó-Ẹ̀pẹ́ a máa dúró lábẹ́ igi fúrúùtù. Àwọn ti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ a fara ti ògiri ilé ẹ̀kọ́ ní òdìkejì. Qamardeen, tí wọ́n ń pè ní Qamaru, ló wà láàárín wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ni, òun sì ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni Mùlíkátù ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja yíyan. Ọwọ́ rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ yá, ó lè fò mú bọ́ọ̀lù tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé ó ti wọlé. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń yí jẹ́jẹ́ bọ̀, tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ dá dúró, ìyẹn ló máa ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ náà, ó kọ́kọ́ fò sókè, ó fi ìka ta bọ́ọ̀lù kan kọjá lórí òpó.

“Ẹ̀jẹ̀ Èkó nìyẹn,” ni obìnrin kan ké lábẹ́ igi. “Ilé ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.”

Kò pẹ́, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

“Ó ti padà sílé bàbá rẹ̀ o,” ni obìnrin náà tún wí.

“Irọ́ lo pa,” ni èsì tó jáde lára ògiri. “Ta ló fún un lọ́mú? Wàrà yín ló sọ ọ́ di báyìí.”

“Bàbá rẹ̀ tó ń fi àwọ̀n pẹja ńkọ́? Ọmọ apẹja dúró níwájú àwọ̀n, ẹja ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.”

Qamardeen yíjú sí àwọn ti abẹ́ igi, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. “Ẹ má jà, ẹ pín mi. Apá ọ̀tún ti yín, apá òsì ti wọn.”

“Apá wo ló ṣẹ̀ wá lónìí?”

“Ẹsẹ̀ ni.”

Ẹ̀rín bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Obìnrin kan wà lábẹ́ igi tí èébú tirẹ̀ le ju ti gbogbo wọn lọ. Ọláníyọnu sún mọ́ ọn, ó bi í pé báwo ni aṣọ́lé náà ṣe jẹ́ sí i.

“Wọ́n ní èmi ni mo bí i,” ni Mùlíkátù dáhùn. “Mi ò gbà. Ọjà ni mo ti rà á, wọ́n sì rẹ́ mi jẹ.”

Lẹ́yìn eré, wọ́n tún ṣe nǹkan kan tí Ọláníyọnu kò rírú rẹ̀ rí. Àwọn àgbà obìnrin méjì, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, dúró láàárín pápá, wọ́n ń ro ẹjọ́ góòlù tó wọlé, títí wọ́n fi mọ ilé tí ẹ̀bi rẹ̀ já sí. Ilé tó bá jẹ̀bi ló máa fọ jẹ́sì Qamardeen. Jẹ́sì náà kì í ṣe ohun à ń fi ọwọ́ kan fọ̀, nítorí kò sí bọ́ọ̀lù tí Qamardeen kì í ṣubú sílẹ̀ fún, ẹrẹ̀ etí ọ̀sà a sì ti bò ó láti ọrùn dé ìdí.

Ọláníyọnu wo ẹrẹ̀, ó wo àwọn obìnrin, ó rántí páálí ọṣẹ tó ń padà wá. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin yìí kò wá wo bọ́ọ̀lù, wọn ò sì bìkítà fún ẹni tó borí. Ọmọ wọn ni wọ́n wá wò. Ohun tí wọ́n ń rí gbà ní pápá yẹn ni àyè láti bá ara wọn ṣeré nípa ẹni tó jẹ́ tàwọn méjèèjì.

Ó padà sí Ìkòròdú, ó bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà láti ṣe onígbọ̀wọ́ ẹgbẹ́ náà. Ohun tó yí padà kò pọ̀ rárá, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ó fi àkókò eré sílẹ̀ bó ṣe wà, lẹ́yìn Àsàrì, nígbà tí ẹja òwúrọ̀ ti tà tí ọkọ̀ àwọn apẹja ìrọ̀lẹ́ kò sì tíì gúnlẹ̀. Kò gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Kò san kọ́bọ̀ fún rédíò. Jẹ́sì nìkan ló yí padà: ó sọ ọ́ di funfun báláú, ó kọ Àlà sí àyà rẹ̀, ó sì gbé ọpọ́n, omi àti ọṣẹ sí etí pápá, pé kí ilé tó bá jẹ̀bi fọ jẹ́sì náà níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àwọn obìnrin a sì dúró wò ó, nítorí àwíjàre kì í tán lẹ́nu ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Wọ́n fojú ara wọn rí bí ẹrẹ̀ ṣe ń lọ. Kò pẹ́ tí ọṣẹ náà fi gba gbogbo ìsọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, tí orúkọ tí iléeṣẹ́ sọ ọ́ fi sọnù. Ọṣẹ Qamaru ni wọ́n ń béèrè.

Wọ́n sọ òun náà lórúkọ. Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà pápá, Mùlíkátù a ti bẹ̀rẹ̀.

“Ọlọ́ṣẹ, o tún ti dé. Ṣé kò sóúnjẹ nílé yín ní Ìkòròdú ni?”

“Oúnjẹ wà, Ìyá. Ẹja ni kò sí.”

“Ará òkè. Ta ló fi ẹja hàn ẹ́ rí? Panla lo mọ̀.”

Á sì wá ẹja àrọ̀ kan tó yan dáadáa, á fi bébà wé e, á sọ ọ́ sí i láyà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú. Ọláníyọnu a máa sọ fún Agnes pé kò síbi tí wọ́n ti ń bú òun tó dùn tó Ẹ̀pẹ́. Ó ti pẹ́ tó kúrò ní Fìdítì, ó sì ti gbàgbé bó ṣe rí kí èèyàn ní ilé tí wọ́n ti lè fi í ṣẹ̀sín láìṣe é léṣe.

Ìgbà tí ọ̀gá tuntun dé ni nǹkan yí padà. Oyèdèjì lorúkọ rẹ̀, ó kéré sí Ọláníyọnu lọ́jọ́ orí, ó sì fẹ́ kí orúkọ Àlà jáde lórí tẹlifíṣàn. Ó wo fídíò eré Ẹ̀pẹ́ kan lórí fóònù rẹ̀, ó gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

“Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu, ta ni ọmọkùnrin tó máa ń ṣubú yìí?”

“Aṣọ́lé wa ni, sà.”

“Mo rí i pé aṣọ́lé ni. Kí ló dé tí orúkọ ọjà wa fi wà láyà ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Wọ́n ń bá a ṣeré ni, sà. Ọṣẹ sì ń tà.”

“Ní Ẹ̀pẹ́ nìkan. Ẹni tó bá ń borí layé ń tẹ̀ lé. Ẹ wá aṣọ́lé gidi, kí ẹ gba ife tó ń bọ̀ yìí. Mo ń wá ẹni tó máa ṣe ọ̀gá ìpolówó fún gbogbo ìpínlẹ̀, orúkọ yín ni mo sì ní lọ́kàn.”

Ìdáhùn tó yẹ wà lẹ́nu Ọláníyọnu. Ó lè sọ pé, “Ọ̀gá, góòlù tó ń wọlé yẹn gan-an ló ń tà á.” Ọ̀rọ̀ tí kò gùn ni, Oyèdèjì kì í sì í ṣe òmùgọ̀, ì bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ipò tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ti wọ̀ ọ́ lójú. Gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ó yé mi, sà.” Wọ́n fún un ní ipò náà, orí rẹ̀ ló sì wà di òní. Nígbà mìíràn, bí wọ́n bá kí i ní ọ̀gá, ọjọ́ yẹn ló máa ń sọ sí i lọ́kàn.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá Dùnsìn rí. Ọmọ Ìkòròdú ni Dùnsìn, ọmọlúàbí, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í sì í kúrò lójú òpó. Bọ́ọ̀lù kì í ṣàdédé gba abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọláníyọnu lọ bá Qamardeen létí omi, níbi tó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ́ńjìnnì.

“Àbúrò, mo ní kó o sinmi díẹ̀. Orúnkún rẹ yẹn.”

“Orúnkún wo?”

“Èyí tó ń dùn ẹ́ níjelòó.”

“Ẹ̀gbọ́n, orúnkún mi ò dùn mí rí.” Ó yọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi àkísà nù ún. “Ṣé ẹ ti rí ẹlòmíì ni?”

“Fún ìgbà díẹ̀ ni. O ó padà.”

“Ẹ ò bá sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilé wo ni, Èkó àbí Ìjẹ̀bú?”

“Ọmọ Ìkòròdú ni.”

Qamardeen rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ta ni wọ́n máa wá bú báyìí?” Ó tún ki ọwọ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì.

Bí ó bá mọ síbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ìpolówó tuntun gbọ́dọ̀ polówó. Ọláníyọnu kun ọkọ̀ kan ní funfun, ó de gbohùngbohùn mọ́ ọn lórí, ó sì jókòó ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ níbẹ̀. “Ẹgbẹ́ Àlà Ẹ̀pẹ́ ti yí padà. A ti ní aṣọ́lé gidi báyìí. Ẹ̀rín ti tán, ife ló kù.” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀. Ó gbọ́n, ó ṣe kedere, kò sì gùn jù. Ọkọ̀ náà rìn já Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, ó já Èkó-Ẹ̀pẹ́, ó wọ ọjà ẹja, ó sì dúró pẹ́ díẹ̀ níwájú ìsọ̀ Mùlíkátù, nítorí ibẹ̀ lèrò pọ̀ sí jù.

A kì í fi ọmọ burúkú fún ẹkùn pa jẹ. Ẹni tó ń bú ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ tó sì ń fún un lóúnjẹ lálẹ́ kò bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjèjì fi gbohùngbohùn kéde káàkiri ìlú pé ọmọ náà kì í ṣe gidi, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ọláníyọnu mọ ìyàtọ̀ yìí. Òun ló ti fi ń jẹun láti ọdún mélòó kan.

Lọ́jọ́ tí Dùnsìn kọ́kọ́ ṣọ́lé, èrò kún. Dùnsìn mú gbogbo bọ́ọ̀lù tó wá. Bó ṣe ń mú wọn ni pápá ń dákẹ́ sí i. Lábẹ́ igi, obìnrin kan ní, “Ó dáa,” ẹnì kejì rẹ̀ dáhùn pé, “Ó dáa lóòótọ́,” ọ̀rọ̀ wọn tán. Lẹ́yìn eré, àwọn àgbà méjèèjì kò ní ẹjọ́ tí wọ́n máa rò. Jẹ́sì Dùnsìn ṣì funfun. Ó ká a sínú báàgì rẹ̀, ó kí gbogbo wọn, ó wọkọ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èrò ti dín. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi máa gba ife, àwọn ọkùnrin díẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà ló wà létí pápá, tí wọ́n ń wo àwọn tó ń gbé ife náà káàkiri fún ara wọn.

Ọláníyọnu ṣe gbogbo ohun tí ìwé ní kí wọ́n ṣe. Ó gbé e sí rédíò. Ó pín ọṣẹ ọ̀fẹ́. Àwọn obìnrin gba ọṣẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gba ilé lọ. Páálí bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sí sítọ́ọ̀ bíi ti àtijọ́. Níkẹyìn, ó lọ bá Mùlíkátù nídìí ẹja.

“Ìyá, ẹ ò wá sí pápá mọ́.”

“Kí la máa wá ṣe?”

“Ọmọ yẹn ń ṣe dáadáa.”

“Ó ń ṣe é. A ò ní nǹkan kan sí i.”

“Ẹ bú òun náà. Kò ní bínú.”

Mùlíkátù yí ẹja kan padà lórí iná. “Ta ni ìyá rẹ̀? Ta ni bàbá rẹ̀? Èébú tí kò ní ilé tó ń lọ, ìjà ni. Èmi ò bá ọmọ ọlọ́mọ jà.”

Kò mẹ́nu kan ọmọ tirẹ̀. Kò wá ẹja kankan láti wé fún un.

Ó padà bá Oyèdèjì, ó sì sọ fún un lọ́jọ́ náà ohun tó yẹ kó ti sọ tipẹ́. Oyèdèjì gbọ́ ọ dé ìparí. “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n,” ló wí. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi nígbà yẹn?” Wọ́n ní kí Qamardeen padà.

Qamardeen kò fẹ́. Ó ní òun ti ń gbádùn ọjọ́ Sátidé òun. Ọláníyọnu bẹ̀ ẹ́ títí ó fi ní, “Ó dáa, nítorí yín ni, Ẹ̀gbọ́n.” Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọkọ̀, kò sí gbohùngbohùn. Ọláníyọnu rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n sì wá. Igi fúrúùtù kún, ògiri kún. Ó kẹ́yìn sí pápá bíi tàtẹ̀yìnwá, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bọ́ọ̀lù kan yí jẹ́jẹ́ bọ̀. Kò ní láti yíjú kó tó mọ ibi tó gbà. Ó rí i lójú àwọn obìnrin. Ó ń dúró de ohùn àkọ́kọ́.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi,” ni ẹnì kan wí lára ògiri.

“Kò séwu,” ni wọ́n fèsì lábẹ́ igi. “Ó ti gbìyànjú. Ó ti pẹ́ tó ṣe é gbẹ̀yìn.”

Qamardeen yíjú sí wọn, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí. “Apá òsì ni o,” ló wí sí àwọn ti ògiri. “Apá tiyín ni.”

Kò sẹ́ni tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin kan wo ilẹ̀. Òmíràn rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tí èèyàn ń rín fún aláìsàn tó ní ara òun ti yá. Nígbà tí góòlù kejì wọlé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti pa á, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó má bàa rò pé àwọn ń bínú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ fi ohùn ṣọ̀kan nípa Qamardeen.

Lẹ́yìn eré, ó wá bá Ọláníyọnu, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí mi pẹ̀lẹ́?”

“Wọ́n fẹ́ràn rẹ ni.”

“Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ràn mi. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n báyìí. Mi ò lè dúró sáàárín ìyẹn.” Ó kó ìbọ̀wọ́ náà lé Ọláníyọnu lọ́wọ́, kò jù ú. “Ẹ má bínú. Mo gbà láti wá torí yín, ṣùgbọ́n mi ò ní wá mọ́.”

Ọláníyọnu fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ì bá fi bẹ̀ ẹ́. Kò sí owó tàbí jẹ́sì tàbí ìkéde tó lè mú kí àwọn obìnrin yẹn tún bú ọmọ tí wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀ dùn ún ní tòótọ́. Ó rí Mùlíkátù lẹ́bàá igi, tó ń di ìborùn rẹ̀ mọ́ra láti lọ bá àwọn ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ó yára lọ bá a. Bó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n máa bú, ì bá sàn.

“Ìyá, èmi ni mo fà á. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú gbohùngbohùn yẹn. Ẹ sọ̀rọ̀ sí mi. Ẹ pè mí ní ohun tó bá wù yín.”

Mùlíkátù wò ó. Ojú rẹ̀ kò dà bí ti ẹni tó ń bínú. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì rọra dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá àlejò lóhùn.

“Iṣẹ́ yín lẹ̀ ń ṣe. Ta ló máa bá yín wí? Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ọ̀nà Ìkòròdú jìn, ẹ tètè máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Ó gbé ọpọ́n rẹ̀ lé orí, ó tẹ̀ lé àwọn yòókù. Ọláníyọnu dúró, ó ń retí pé bó bá dé ẹnu ọ̀nà pápá, á yíjú, á ju ọ̀rọ̀ kan padà sí òun. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó yà sápá ọjà láìbojú wẹ̀yìn.